Kámẹ́rà Ọjà: Ta Ni Yóò Máa Wò Ó, Ibo Ni Yóò Sì Gbà Wò Ó?

Ẹ̀KỌ́ WA T'OṢÙ YÌÍ

   

Gbogbo wa la mọ̀ pé ẹgbẹ́ ti ń dá owó kámẹ́rà láti ìgbà tí olè ti ń já ìsọ̀ lóru. Nípàdé, ìbéèrè tí à ń gbọ́ kò ju mẹ́ta lọ. Kámẹ́rà mélòó ni? Èló l'ẹyọ kan? Ṣé á ríran lóru? Ìbéèrè gidi ni gbogbo wọn. Ṣùgbọ́n èyí t'ó wúwo jù, a kì í sábà bi í. Nígbà tí wọ́n bá gbé kámẹ́rà kọ́ tán, ta ni yóò máa wò ó? Kí ni yóò fi máa wò ó? Kí ni a ó gbà á láàyè láti rí, kí sì ni a kò ní gbà á láàyè láti rí?

Ojú lásán ni kámẹ́rà, ẹ̀yin ènìyàn wa. Ẹni t'ó wà nídìí ojú yẹn ni olùṣọ́. Ẹni t'ó bá sì mú kọ́kọ́rọ́ ibi tí à ń gbà wò ó lọ́wọ́, ó mọ ìgbà tí a dé ìsọ̀, ó mọ ìgbà tí a lọ, ó mọ ẹni tí ń ka owó ńlá àti ibi tí ó ń kó o sí. Ìdí nìyí tí a fi kọ ẹ̀kọ́ yìí k'ó tó di ọjọ́ ìpàdé gbogbogbòò. Ẹni t'ó bá mọ̀wé kà, k'ó jọ̀wọ́ kà á sétí ẹni tí kò mọ̀ ọ́n kà.

IBI TÍ ÀWÒRÁN Ń GBÉ

Ọ̀pọ̀ nínú wa rò pé inú kámẹ́rà ni gbogbo àwòrán ń gbé. Àwọn mìíràn rò pé inú fóònù alága ni. Nínú ètò kámẹ́rà ńlá, kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹ jẹ́ k'á fi ilé ìkẹ́rùsí ṣe àpẹẹrẹ. Ọkọ̀ á kó ẹrù dé, ẹrù á wọ ilé ìkẹ́rùsí. Akọ̀wé ilé ẹrù á ṣí ìwé rẹ̀, inú ìwé yẹn ni orúkọ ẹni t'ó lè gba ẹrù wà, àti iye tí ó lè gbà. Oníbàárà kì í wọ inú ilé ẹrù lọ fúnra rẹ̀. Ojú fèrèsé ni wọ́n ti ń dá a lóhùn.

Bẹ́ẹ̀ náà ni ti kámẹ́rà. Kámẹ́rà ni ọkọ̀ tí ń kó àwòrán bọ̀. Kọ̀ǹpútà kan wà tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ kí ó máa gba àwòrán sílẹ̀ tọ̀sán tòru, ìyẹn ni ilé ẹrù. Ètò kan tún wà, ó lè wà nínú kọ̀ǹpútà kan náà, ó sì lè wà nínú òmíràn, òun ló mọ orúkọ gbogbo ènìyàn àti ẹ̀tọ́ oníkálukú. Ìyẹn ni akọ̀wé ilé ẹrù. Lẹ́yìn náà l'ó wá kan áàpù tí ènìyàn fi ń wo àwòrán, yálà lórí kọ̀ǹpútà tàbí lórí fóònù. Áàpù yìí ni àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ ń pè ní client. Àwa ó máa pè é ní fèrèsé nínú ẹ̀kọ́ yìí, kí gbogbo wa lè jọ máa bá a lọ.

Ohun méjì ni k'á mú níbẹ̀. Èkíní, bí fóònù tí a fi ń wo kámẹ́rà bá sọnù, àwòrán kò bá a sọnù, nítorí fèrèsé ni fóònù, kì í ṣe ilé ẹrù. Ṣùgbọ́n ẹni t'ó bá he fóònù náà lè gba ojú fèrèsé wọlé bí a kò bá tètè jẹ́ kí wọ́n yọ orúkọ yẹn kúrò. Èkejì, bí olè bá gbé kọ̀ǹpútà tí ń gba àwòrán sílẹ̀ lọ, tàbí tí iná jó o, ogún fóònù kò lè dá àwòrán padà. Nítorí náà, k'á má gbé e síbi tí gbogbo ayé ti ń wọlé jáde, k'á sì wá iná tí kò ní í já a sílẹ̀. B'íná bá lọ tí kò sí ínfátà tàbí jẹnẹrétọ̀, kámẹ́rà wa di ohun ọ̀ṣọ́ ara ògiri.

FÈRÈSÉ MẸ́RIN

Ilé iṣẹ́ t'ó ń ṣe irú ètò yìí pọ̀ lágbàáyé. Ẹyọ kan la ó mú fi kọ́ ara wa, nítorí pé fèrèsé tirẹ̀ yàtọ̀ síra kedere. Orúkọ rẹ̀ ni XProtect. Ilé iṣẹ́ Milestone Systems ní orílẹ̀-èdè Denmark ló ń ṣe é. Ọdún 1998 ni wọ́n dá ilé iṣẹ́ náà sílẹ̀, ọdún 2014 sì ni Canon ti ilẹ̀ Japan, àwọn tí a mọ̀ mọ kámẹ́rà fọ́tò, rà á. A ò sọ pé tiwọn ni k'ẹ́gbẹ́ rà o. Ẹni t'ó bá mọ fèrèsé mẹ́rin yìí, bí wọ́n bá gbé òmíràn wá fún un, á mọ ìbéèrè tí yóò bi oníṣòwò.

Fèrèsé kìíní ni Smart Client. Èyí ni fèrèsé ńlá. Orí kọ̀ǹpútà tí ń lo Windows ni wọ́n ń fi í sí, yàrá ọlọ́dẹ ló sì yẹ. Ẹni t'ó jókòó síwájú rẹ̀ lè to ọ̀pọ̀ kámẹ́rà sójú kan náà, bí ìgbà tí a bá pàtẹ ata, tòmátò àti àlùbọ́sà sórí tábìlì kan. Ó lè wo ohun tí ń lọ lọ́wọ́, ó lè padà sẹ́yìn lọ wo ohun t'ó ṣẹlẹ̀ lóru àná, ó lè fa ojú kan súnmọ́ tòsí, ó lè yí kámẹ́rà tí ń yí ọrùn. Bí a bá gbà á láàyè, ó tún lè gé àwòrán tí ọlọ́pàá nílò jáde. Agbára rẹ̀ pọ̀, kọ̀ǹpútà t'ó lágbára ló sì ń fẹ́.

Fèrèsé kejì ni Web Client. Èyí kò nílò kí wọ́n gbé ohunkóhun sínú kọ̀ǹpútà. Ibi tí à ń gbà wọ íntánẹ́ẹ̀tì náà la ó gbà, a ó tẹ orúkọ àti pásíwọ́ọ̀dù, àwòrán á sì yọ. Ó dára fún akọ̀wé tàbí akápò tí kò ní í jókòó sí yàrá ọlọ́dẹ. Àmọ́ ewu kan wà níbẹ̀. Bí ènìyàn bá lọ ṣí i níbi tí wọ́n ti ń tẹ̀wé fún gbogbo ayé, kọ̀ǹpútà ibẹ̀ lè béèrè pé ṣé k'óun bá a tọ́jú pásíwọ́ọ̀dù. Bí ó bá ti fèsì pé bẹ́ẹ̀ ni, ẹni t'ó bá jókòó lẹ́yìn rẹ̀ á di ọmọ ẹgbẹ́ lọ́sàn-án gangan.

Fèrèsé kẹta ni ti fóònù, XProtect Mobile. Ó wà fún Android, ó wà fún iPhone. Ìyálọ́jà lè wà níbi ìnáwó ní Abẹ́òkúta k'ó ṣí i, k'ó wo ẹnu géètì. Bí a bá ṣètò rẹ̀ bẹ́ẹ̀, ó lè ránṣẹ́ sí fóònù pé nǹkan ń ṣẹlẹ̀. Èyí t'ó tún dùn mọ́ wa nínú rẹ̀ ni pé fóònù fúnra rẹ̀ lè di kámẹ́rà. Ọlọ́dẹ tí ń rìn yí ọjà ká lè gbé fóònù sókè síbi tí kò sí kámẹ́rà, bí ẹ̀yìn ìsọ̀ ẹlẹ́ja, kí ẹni t'ó wà ní yàrá ọlọ́dẹ máa rí ohun tí òun náà ń rí. Ṣùgbọ́n ẹ rántí pé àwòrán tí ń rìn máa ń jẹ dátà bí iná ṣe ń jẹ koríko. Ẹ má ṣí i sílẹ̀ lásán kí ẹ máa fi ṣe sinimá.

Fèrèsé kẹrin ni Management Client. Eléyìí kì í ṣe ti wíwo ọjà. Ti ìṣètò ni. Níbẹ̀ ni wọ́n ti ń fi kámẹ́rà kún un tàbí yọ ọ́, níbẹ̀ ni wọ́n ti ń sọ iye ọjọ́ tí àwòrán yóò lò nílẹ̀, níbẹ̀ ni wọ́n ti ń kọ orúkọ ẹni tuntun sílẹ̀, níbẹ̀ náà ni wọ́n ti ń yọ ti ẹni t'ó bá kúrò. Ẹni t'ó bá jókòó sídìí fèrèsé yìí lè sọ ọlọ́dẹ d'ọ̀gá, ó lè sọ ọ̀gá di ẹni tí kò rí nǹkankan. Òun ni kọ́kọ́rọ́ tí ń ṣí gbogbo kọ́kọ́rọ́. Bí oníṣòwò kámẹ́rà bá parí iṣẹ́ tí kò fà á lé ẹgbẹ́ lọ́wọ́, kò tíì parí iṣẹ́ o.

ORÚKỌ OLÓRÚKỌ, Ẹ̀TỌ́ OLÚKÚLÙKÙ

Àṣà kan wọ́pọ̀ níbi púpọ̀. Wọ́n á ṣe pásíwọ́ọ̀dù kan ṣoṣo, wọ́n á wá pín in fún alága, akọ̀wé, akápò, ọlọ́dẹ mẹ́fà àti ọmọ tí ó bá wọn tún kámẹ́rà ṣe. Ó dà bí ẹni pé a rọ kọ́kọ́rọ́ ilé ẹrù kan, tí a wá rọ ẹ̀dà mẹ́wàá rẹ̀ pín kiri. Lọ́jọ́ tí nǹkan bá sọnù, ta la ó mú? Bí àwòrán ìyàwó ilé kan bá jáde lórí WhatsApp, ta la ó bi?

Ètò t'ó dára ń jẹ́ kí oníkálukú ní orúkọ tirẹ̀ àti pásíwọ́ọ̀dù tirẹ̀. Nínú XProtect, wọ́n á kọ́kọ́ ṣe ipò, ìyẹn role, wọ́n á wá kọ orúkọ ènìyàn sábẹ́ ipò kọ̀ọ̀kan. Ipò ni yóò sọ kámẹ́rà tí ẹni náà lè rí. Òun ni yóò sọ bóyá ohun tí ń lọ lọ́wọ́ nìkan ni ó lè wò, tàbí ó lè padà sẹ́yìn. Òun ni yóò sọ bóyá ó lè gé àwòrán jáde, tàbí kò lè gé e. Wọ́n tún lè dá wákàtí sí i, kí ọlọ́dẹ alẹ́ má lè ṣí i lọ́sàn-án nígbà tí kò sí lẹ́nu iṣẹ́.

Ohun mìíràn wà tí inú wa dùn sí, nítorí ó jọ tiwa. Gbogbo wa mọ àpótí àjọ tí ó ní àgádágodo méjì, tí ìyá kan mú kọ́kọ́rọ́ kan, tí ìyá kejì mú èkejì, tí ẹnì kan kò lè dá a ṣí. XProtect ní irú rẹ̀. Wọ́n lè ṣètò pé bí ẹni t'ó wà ní ipò kan bá fẹ́ wọlé, ẹlòmíràn gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí i níbẹ̀ kí fèrèsé tó ṣí. Fún fèrèsé orí fóònù àti ti íntánẹ́ẹ̀tì, wọ́n tún lè ṣètò rẹ̀ pé lẹ́yìn pásíwọ́ọ̀dù, kí nọ́ńbà kan wọlé sí ímeèlì ẹni náà, tí yóò tẹ̀ kí ó tó wọlé. Bí olè bá jí pásíwọ́ọ̀dù, kò tíì rí nọ́ńbà yẹn.

Ìwé àkọsílẹ̀ sì wà nínú ètò náà pẹ̀lú. Ó lè kọ ẹni t'ó wọlé àti àkókò tí ó wọlé sílẹ̀. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ ìwé yẹn kò wúlò bí ẹni mẹ́wàá bá ń jẹ́ orúkọ kan náà. Ohun tí ìwé á kọ ni pé "ọjà" wọlé, "ọjà" wò ó, "ọjà" gé e jáde. Ta ń jẹ́ ọjà?

ÌMỌ̀RÀN WA LÓRÍ ẸNI TÍ YÓÒ MÚ FÈRÈSÉ WO

A ti jókòó, a ti rò ó, a wá gbé e síwájú yín kí ẹ yẹ̀ ẹ́ wò k'ó tó d'ọjọ́ ìpàdé.

Ọlọ́dẹ: Smart Client ní yàrá ọlọ́dẹ, lásìkò iṣẹ́ rẹ̀ nìkan. Kí ó wo ohun tí ń lọ lọ́wọ́, kí ó sì lè padà sẹ́yìn díẹ̀. Kí ó má lè gé àwòrán jáde. Kí ó má fi fóònù ara rẹ̀ ya ojú kọ̀ǹpútà.

Olórí ìsọ̀ kọ̀ọ̀kan: fèrèsé orí fóònù, kámẹ́rà ọ̀wọ́ tirẹ̀ nìkan. Olórí aláta kò nílò láti rí ẹnu ọ̀nà aláṣọ.

Akọ̀wé àti akápò: Web Client. Kí wọ́n lè wo ẹ̀yìn, kí wọ́n sì lè gé àwòrán jáde, ṣùgbọ́n kí ó jẹ́ pé àwọn méjèèjì ló jọ wà níbẹ̀, k'á sì kọ ọ́ sínú ìwé ẹgbẹ́.

Ìyálọ́jà: fèrèsé orí fóònù, gbogbo kámẹ́rà. Ọjà lápapọ̀ ni wọ́n ń tọ́jú.

Fèrèsé kẹrin, ti ìṣètò: ẹni méjì tí ìpàdé gbogbogbòò bá yàn, tí wọ́n á jọ máa wà níbẹ̀. Kí pásíwọ́ọ̀dù rẹ̀ wà nínú àpò ìwé tí a lẹ̀ pa, nínú àpótí irin ẹgbẹ́.

A mọ̀ pé àwọn kan á ní, kí ló dé tí Ìyálọ́jà kò ní í mú gbogbo rẹ̀? Ẹ forí jì wá, màmá wa. Kì í ṣe àfojúdi, kì í sì í ṣe àìfọkàntán. Ẹni tí ó bá mú kọ́kọ́rọ́ gbogbo nǹkan lọ́wọ́, òun ni gbogbo ènìyàn á nàka sí lọ́jọ́ tí nǹkan bá bàjẹ́, bí kò tilẹ̀ mọwọ́ mẹsẹ̀. Ààbò ni fún àgbà pé kí ó má dá mú un. Orúkọ rere ni a fẹ́ fi pa mọ́ fún wọn.

OHUN T'ÓJÚ ÀWỌN ẸLÒMÍRÀN RÍ

Bí ẹnikẹ́ni bá rò pé à ń fi ọ̀rọ̀ yìí dẹ́rù bà yín ni, k'ó gbọ́ ohun t'ó ti ṣẹlẹ̀ níbòmíràn.

Ní ọdún 2006, ní agbègbè Sefton lẹ́bàá Liverpool ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ilé ẹjọ́ rán àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba ìbílẹ̀ tí iṣẹ́ wọn jẹ́ wíwo kámẹ́rà ìgboro lọ sẹ́wọ̀n. Kí ni wọ́n ṣe? Wọ́n yí kámẹ́rà kúrò lójú títì, wọ́n kọjú rẹ̀ sínú ilé obìnrin kan, wọ́n ń wò ó níhòòhò. Kámẹ́rà kò jẹ̀bi. Fèrèsé kò jẹ̀bi. Ẹni tí a fi síbẹ̀ láìsí ẹni tí ń wò ó lẹ́yìn ló jẹ̀bi. Ìdí rèé tí àwa obìnrin gbọ́dọ̀ béèrè ibi tí kámẹ́rà tí ń yí ọrùn lè yí dé. Ibi tí a ti ń fún ọmọ lọ́mú, ibi tí a ti ń pààrọ̀ aṣọ, ẹnu ọ̀nà ilé ìyàgbẹ́, kámẹ́rà kò ní nǹkan ṣe níbẹ̀.

Ní ọdún 2016, àwọn kan ṣe ohun búburú kan tí wọ́n pè ní Mirai. Iṣẹ́ rẹ̀ ni kí ó máa rìn kiri orí íntánẹ́ẹ̀tì, kí ó máa kan ilẹ̀kùn kámẹ́rà àti àpótí kámẹ́rà, kí ó sì máa dán pásíwọ́ọ̀dù tí wọ́n fi ń jáde láti ilé iṣẹ́ wò. Èyí tí olówó rẹ̀ kò bá tíì yí pásíwọ́ọ̀dù rẹ̀ padà, Mirai á mú un lẹ́rú. Ní ọjọ́ 21 oṣù kẹwàá ọdún yẹn, wọ́n kó irú ẹrú bẹ́ẹ̀ jọ láti fi ya bo ilé iṣẹ́ Dyn ní Amẹ́ríkà. Lọ́jọ́ náà, ọ̀pọ̀ ènìyàn kò rí Twitter àti Netflix ṣí. Àwọn àgbà ti sọ ọ́, bí ògiri kò bá lanu, aláǹgbá kò lè ráyè wọ̀ ọ́. Pásíwọ́ọ̀dù tí ó bá àpótí wá láti ilé iṣẹ́ ni ẹnu ògiri yẹn.

Ẹ̀kẹta ni ti oṣù kẹta ọdún 2021. Ilé iṣẹ́ kan wà ní Amẹ́ríkà tí ń jẹ́ Verkada, ó ń ta kámẹ́rà tí à ń gba orí íntánẹ́ẹ̀tì wò. Àwọn kan rí orúkọ àti pásíwọ́ọ̀dù irú ti ọ̀gá pátápátá níbi tí ó wà ní gbangba lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Orúkọ ẹyọ kan yẹn ló ṣí ọ̀nà fún wọn sí nǹkan bí kámẹ́rà 150,000, títí kan ti ilé ìwòsàn, ilé ẹ̀kọ́ àti ọgbà ẹ̀wọ̀n. Wọn ò já ilẹ̀kùn kankan. Kọ́kọ́rọ́ ni wọ́n he. Ẹ wá wo bí fèrèsé kẹrin ṣe lágbára tó.

B'Ọ́RÀN BÁ ṢẸLẸ̀

Àwòrán kì í gbé ilé ẹrù títí ayé. Bí ibẹ̀ bá kún, tàbí tí ọjọ́ tí a dá fún un bá pé, ti tuntun á gba ipò ti àtijọ́. Ó lè jẹ́ ọjọ́ 7, ó lè jẹ́ 30, bí a bá ṣe ṣètò rẹ̀ ni. Nítorí náà, ẹni tí wọ́n bá jí ẹrù rẹ̀, k'ó má dúró di ìpàdé oṣù tí ń bọ̀. Lọ́jọ́ náà gan-an ni k'ó kọ ọjọ́, wákàtí àti ibi tí ó ti ṣẹlẹ̀ fún akọ̀wé.

Ẹni tí ó ní ẹ̀tọ́ ni yóò gé àwòrán jáde. Smart Client lè gbé e jáde ní ọ̀nà tirẹ̀, pẹ̀lú áàpù tí wọ́n á fi wò ó, wọ́n lè fi pásíwọ́ọ̀dù tì í, wọ́n sì lè fi àmì ìfọwọ́sí sí i tí yóò fi hàn bí ẹnikẹ́ni bá ti fọwọ́ kàn án. Ìyàtọ̀ wà láàárín èyí àti kí ọmọ kan fi fóònù ya ojú kọ̀ǹpútà. Òfin Ẹ̀rí ti Nàìjíríà ti ọdún 2011, abala 84, sọ ohun tí ilé ẹjọ́ ń béèrè kí ó tó gba ẹ̀rí tí ó ti inú kọ̀ǹpútà jáde, ìwé ẹ̀rí láti ọwọ́ ẹni tí ó mọ̀ nípa bí wọ́n ṣe ń lo ẹ̀rọ náà sì wà lára rẹ̀. Bí a kò bá mọ ẹni t'ó gé àwòrán, ta ni yóò fọwọ́ sí ìwé yẹn? Ẹjọ́ tí a ì bá jàre á di èyí tí a pàdánù.

Ọ̀rọ̀ kan rèé tí a fẹ́ kí gbogbo wa fi etí méjèèjì gbọ́. Ẹ má ṣe gbé àwòrán sórí fóònù, kí ẹ wá jáde síta máa pariwo olè. Ẹ mọ ohun tí ariwo yẹn ń fà lọ́jà. Kí ènìyàn méjì tó béèrè ọ̀rọ̀, igba ènìyàn ti kó táyà àti pẹtiróòlù dé. Kámẹ́rà rí obìnrin kan tí ó gbé báàgì nílẹ̀, ṣùgbọ́n kò mọ̀ bóyá báàgì rẹ̀ ni. Ó rí ọmọkùnrin tí ń sáré, kò mọ ohun tí ń lé e. Aago inú ètò náà lè yà sí ti ọwọ́ wa bí ẹni t'ó ṣètò rẹ̀ kò bá ṣọ́ ọ. Bí ẹ bá rí nǹkan lórí fèrèsé yín, ẹ pe yàrá ọlọ́dẹ, kí yàrá ọlọ́dẹ pe ọlọ́pàá. Ẹrù tí wọ́n jí, a lè ra òmíràn. Ẹ̀mí tí ó bá bọ́, a ò lè rí i rà lọ́jà kankan.

Òfin Ìdáàbòbò Dátà ti Nàìjíríà tún wà, ti ọdún 2023. Àwòrán tí a fi lè dá ènìyàn mọ̀ wà lára ohun tí òfin yẹn ń dáàbò bò. Ẹni tí ó bá ń gba àwòrán ènìyàn sílẹ̀ gbọ́dọ̀ ní ìdí, kí ó sì tọ́jú rẹ̀. Ìmọ̀ràn wa ni pé k'á kọ pátákó sí géètì kọ̀ọ̀kan pé kámẹ́rà wà níhìn-ín, kí oníbàárà mọ̀ kí ó tó wọlé.

Ẹ̀YIN TÍ Ẹ NÍ KÁMẸ́RÀ TARA YÍN NÍ ṢỌ́Ọ̀BÙ

Àwọn kan nínú wa ti ra àpótí kékeré pẹ̀lú kámẹ́rà mẹ́rin. Ẹ̀kọ́ yìí kàn yín pẹ̀lú. Àpótí yẹn ni ilé ẹrù yín, áàpù orí fóònù ni fèrèsé. Bí ó bá jẹ́ Hikvision, Hik-Connect ni wọ́n sábà ń fi wò ó. Bí ó bá jẹ́ Dahua, DMSS ni.

Ẹ ṣọ́ ohun mẹ́ta. Ìkíní, orúkọ ta ni ọmọ tí ó bá yín gbé e kọ́ fi forúkọ àpótí sílẹ̀? Bí ó bá fi orúkọ tirẹ̀ ṣe é, òun ni olówó, ẹ̀yin wá di àlejò nínú ṣọ́ọ̀bù yín. Kí ó tó gba owó iṣẹ́ tán, ẹ ní kí ó yọ tirẹ̀, kí ẹ fi nọ́ńbà tàbí ímeèlì yín sí i lójú ara yín. Ìkejì, bí ẹ bá fẹ́ kí ọmọ tàbí ọkọ náà máa wò ó, ẹ má fún un ní pásíwọ́ọ̀dù yín. Ibi kan wà nínú áàpù náà tí ẹ ti lè pín in fún un, pé kí ó rí èyí, kí ó má rí tọ̀hún. Bí ọ̀rọ̀ bá yí padà lọ́la, ẹ ó gbà á padà láìsí ìjà. Ìkẹta, ẹ yí pásíwọ́ọ̀dù tí ó bá àpótí wá padà, kí ẹ má sì fi ọjọ́ ìbí tàbí 123456 dípò rẹ̀. Ọmọ tí ẹ bá lé kúrò níbi iṣẹ́ lónìí, kí ẹ yọ orúkọ rẹ̀ lónìí. Ojú olójú kò jọ ojú ẹni.

ÌBÉÈRÈ FÚN ÌDÁNRAWÒ

1. Bí fóònù Ìyálọ́jà bá sọnù, ṣé àwòrán ọjà sọnù bí? Kí ni a gbọ́dọ̀ tètè ṣe?
2. Nínú fèrèsé mẹ́rin, èwo ni a kò fi ń wo ọjà, tí ó sì lágbára ju gbogbo wọn lọ?
3. Kí ló burú nínú pásíwọ́ọ̀dù kan tí ènìyàn mẹ́wàá ń lò?
4. Wọ́n jí ẹrù rẹ lóru àná. Ta ni o máa sọ fún, kí sì ni o máa kọ sílẹ̀?
5. O rí ẹnì kan lórí fèrèsé tí ó ń ṣe ohun tí kò yé ọ. Kí ni o ò gbọdọ̀ ṣe?

Kí olórí ìsọ̀ kọ̀ọ̀kan jókòó pẹ̀lú àwọn ènìyàn rẹ̀, kí wọ́n dáhùn ìbéèrè wọ̀nyí kí ọjọ́ ìpàdé tó pé. Lọ́jọ́ náà, k'á tó dìbò lórí iye kámẹ́rà tí a ó rà, a ó bẹ̀bẹ̀ pé k'á kọ́kọ́ kọ orúkọ ẹni tí yóò mú fèrèsé kọ̀ọ̀kan sínú ìwé ẹgbẹ́, kí gbogbo ilé gbọ́. Bí oníṣòwò kámẹ́rà bá dé, kí ó bá orúkọ yẹn nílẹ̀ kí ó tó ṣí àpótí rẹ̀. Owó tí a fi ń ra ojú yìí, inú igbá wa ló ti jáde, náírà lórí náírà. Ẹ jẹ́ k'á mọ ẹni tí yóò máa fi wò wá.

Ire o. Ọjà á tà, olè ò ní í jà wá.

Akọ̀wé Ẹgbẹ́